Ewúrẹ́ Tó Jẹ́ Owó Ilé Ìwòsàn: Bí A Ṣe Ń Yan Asúráǹsì Ẹran Ọ̀sìn àti Bí A Ṣe Ń Gba Owó Rẹ̀

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta gàrí pè wá lórí rédíò. Ó ní: «Tàtá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Nikki sọ fún mi pé àwọn òyìnbó máa ń ṣe asúráǹsì fún ẹṣin. Ó ní bí ẹṣin bá ṣàìsàn, asúráǹsì ló ń san owó dókítà. Èmi ò ní ẹṣin o. Ewúrẹ́ mẹ́fà àti àgùntàn méjì ni mo ní. Ṣé ó wà fún tèmi náà?»

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rántí ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá bá wa lóru, tí ara ọmọ gbóná bí iná, tí gìrì ti mú un. Mo bi í pé: «Ọjọ́ wo ló ti bẹ̀rẹ̀?» Ó ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò tètè wá? Ó bú sẹ́kún. Ó ní ewúrẹ́ lòun fẹ́ tà kóun fi rówó wá, ṣùgbọ́n mẹ́ta ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó ṣẹ́ kù ń ṣunú, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé yín kì í ṣe ewúrẹ́ lásán. Owó ilé ìwòsàn ni, owó ìwé ọmọ ni, owó ìbímọ ni. Bí ó bá kú, owó ló kú yẹn.

Nítorí náà, lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ asúráǹsì ẹran. Ìdáhùn mi sí ìyá wa ni pé: bẹ́ẹ̀ ni, irú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ fún, ẹni tó bá sì ṣe é láìmọ bí wọ́n ṣe ń gba owó rẹ̀, òfò ló máa fi ṣe.

KÍ NI ASÚRÁǸSÌ ẸRAN?

Gbogbo wa la mọ èsúsú. Ẹ dá owó, ó kàn yín, ẹ kó o. Owó yín ló padà sọ́wọ́ yín. Asúráǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo yín ẹ dá owó, ẹni tí ẹran rẹ̀ kú tàbí tí ẹran rẹ̀ ṣàìsàn nìkan ni wọ́n ń fún. Bí ọdún bá yípo tí ohunkóhun ò ṣe ẹran yín, owó náà ti lọ nìyẹn. Ẹ má bínú, ẹ má sọ pé wọ́n jẹ yín. Ẹ ti ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ọdún kan.

Kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1890 ni wọ́n ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sweden fún ẹṣin àti màlúù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ẹni tó bá ní ẹṣin lè ra ti ikú lọ́tọ̀, ti owó dókítà lọ́tọ̀, ti olè lọ́tọ̀. Ní Kenya, láti ọdún 2010, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú kan ní agbègbè Marsabit tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì wo koríko láti òkè. Bí koríko bá gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á sanwó fún àwọn darandaran.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹṣin ò pọ̀ ní Kétu nítorí eṣinṣin tsé-tsé kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé nílẹ̀ igbó. Àwọn ará Nikki tó ń gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún Gààní ló ni ẹṣin. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù, a ní wọn. Ní Benin, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn, orúkọ rẹ̀ ni Assurance Mutuelle Agricole du Bénin, èyí tí wọ́n ń gé kúrú sí AMAB. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì béèrè lọ́dọ̀ àwọn ilé asúráǹsì mìíràn pẹ̀lú. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi wọ́n ni pé: «Ṣé ẹ ń gba ewúrẹ́ àti àgùntàn, ṣé ẹ sì ń dé abúlé wa?» Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa bọ̀.

Òfin kan ló ń darí gbogbo ilé asúráǹsì ní Benin àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá mìíràn, bíi Togo, Niger àti Côte d'Ivoire. CIMA ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yaoundé lọ́dún 1992. Ẹ di orúkọ yẹn mú, a óò padà sí i.

KÍ Ẹ TÓ TẸ̀KA SÍWÈÉ

Ìwé yẹn, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí èèrà. Ẹ má tẹ̀ka sí ohun tí ẹ ò gbọ́. Ẹ gbé e lọ bá ọmọ yín tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí tíṣà àdúgbò, kó kà á sétí yín. Àwọn ìbéèrè tí ẹ máa bi oníṣẹ́ asúráǹsì nìyí.

Èkíní: ikú ni ẹ ń sanwó fún, àbí àìsàn? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ọ̀pọ̀ ìwé asúráǹsì ẹran ọ̀sìn, ikú ẹran nìkan ló wà nínú wọn. Owó dókítà, owó oògùn, owó àbẹ́rẹ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rà wọ́n, bí wọ́n bá tiẹ̀ ń tà wọ́n rárá. Bí ẹ bá ra ti ikú, tí ẹ wá gbé rìsíìtì dókítà lọ bá wọn, wọ́n á dá yín padà, wọn ò sì jẹ̀bi.

Èkejì: àìsàn wo ni kò sí nínú rẹ̀? Ẹran tó ti ń ṣàìsàn kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, wọn kì í sanwó àìsàn yẹn. Ẹran tí kò gba àbẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wọn ò ní í san sí yín létí. Apá yẹn nínú ìwé náà ṣe pàtàkì ju apá tí wọ́n fi ń polówó lọ.

Ẹ̀kẹta: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Òfin CIMA sọ pé bí ẹ ò bá tíì san owó, ààbò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní «ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ẹ ó san án tó bá yá». Kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, ó lè ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó máa sanwó àìsàn. Délai de carence ni orúkọ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni. Ẹ sì gba rìsíìtì lọ́jọ́ tí ẹ sanwó.

Ẹ̀kẹrin: èló ni èmi fúnra mi máa san? Owó kan wà tí wọ́n ń pè ní franchise. Ìyẹn ni apá tí ẹ̀yin máa kọ́kọ́ fara mọ́. Ká sọ pé owó dókítà màlúù yín jẹ́ 20.000 fáráǹkà. Franchise jẹ́ 5.000. Ó ku 15.000. Bí ìwé bá wá sọ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn máa san nínú ìyókù, 12.000 ni wọ́n máa fún yín, 8.000 á jáde lápò yín. Ẹ ṣe ìṣirò yìí níwájú wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin ọlọ́jà, kò sẹ́ni tó lè kọ́ yín ní ìṣirò.

Ẹ̀karùn-ún: dókítà wo ni ẹ gbà? Bí ó bá jẹ́ dókítà ẹran tó wà ní ìlú mìíràn nìkan ni wọ́n gbà, owó ọ̀kadà láti Ìdígny tàbí láti Adakplamè lè ju owó ìtọ́jú lọ.

Ẹ̀kẹfà: báwo lẹ ṣe máa mọ ẹran mi yàtọ̀? Nọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń fi sí ẹran létí. Bí nọ́ńbà bá já bọ́, ẹ tètè sọ fún wọn. Ẹran tí kò ní nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí pé òun ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Ẹ̀keje: iye tí ẹran tó gan-an ni kí ẹ sọ. Àwọn kan máa ń sọ iye ewúrẹ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n rò pé bó bá kú, àwọn á jèrè. Asúráǹsì kì í san ju iye ohun tó bà jẹ́ lọ. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, wọ́n lè fagi lé ìwé rẹ̀ pátápátá, kó má rí kọ́bọ̀ gbà, kí owó tó ti san náà sì lọ.

ṢÉ Ó YẸ Ẹ̀YIN?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ẹ bi ara yín pé: bí ẹran yìí bá kú lónìí, ṣé mo lè fi èrè ọjà oṣù kan tàbí méjì ra òmíràn? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ẹ ò nílò asúráǹsì. Ẹni tó ní ewúrẹ́ méjì, owó asúráǹsì, owó ọkọ̀ àti wàhálà ìwé lè gba gbogbo èrè rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àbẹ́rẹ́ àjẹsára ni kó kọ́kọ́ ra, kó sì dá àpótí kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ẹgbẹ́ èsúsú rẹ̀ fún owó dókítà ẹran nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó ra màlúù, ẹni tó ní ogún àgùntàn tó ń retí Iléyá, tàbí ẹni tí ẹran jẹ́ gbogbo ohun tó ní, asúráǹsì yẹ é. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ ń sin ẹran, ẹ lọ pọ̀. Ẹgbẹ́ máa ń rí ẹni gbọ́ tiwọn ju ẹnì kan ṣoṣo lọ, dókítà kan á sì lè wá wo ẹran gbogbo yín lọ́jọ́ kan náà.

BÍ ẸRAN BÁ ṢÀÌSÀN TÀBÍ TÓ BÁ KÚ

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń pàdánù owó asúráǹsì, kì í ṣe pé ẹran wọn ò kú. Wọn ò ní ẹ̀rí ni.

Ọjọ́ tí ẹran kọ oúnjẹ ni kí ẹ pe dókítà ẹran, ẹ má dúró di ọjọ́ tó bá kú. Ẹ má lọ ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri ọjà. Oògùn yẹn kò ní rìsíìtì, asúráǹsì ò ní í kà á sí, ẹ ò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí dókítà bá dé, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ yín, nọ́ńbà etí ẹran, ọjọ́, irú àìsàn, oògùn tó lò àti iye owó, kó fọwọ́ sí i, kó sì lu òǹtẹ̀. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, bí ìwé ìfi-dì-àkàrà ló rí lójú wọn.

Bí ẹran bá kú, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀: odindi ara rẹ̀, àti etí tó ní nọ́ńbà. Ẹ pe aládùúgbò méjì kí wọ́n wá rí i, ẹ sì fi tó olórí àdúgbò létí.

Ẹ wá pe asúráǹsì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Òfin CIMA fún èèyàn ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tó asúráǹsì létí. Ṣùgbọ́n fún ikú ẹran ọ̀sìn àti fún olè, wákàtí 48 péré ni. Ẹran tó kú lọ́jọ́ Ajé, bó bá di Ọjọ́bọ̀ kí ẹ tó pè, ẹ ti pẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pè. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù àti aago tí ẹ pè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé lọ.

Ẹ má fún wọn ní ìwé àkọ́kọ́ láìṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ ṣe fọ́tòkópì gbogbo rẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín láti fi hàn pé wọ́n ti gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ láti sanwó, ẹ má jà, ẹ má ṣépè. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lè kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn ilé asúráǹsì ní Kútọnu, lábẹ́ mínísítà ìṣúná. Ọdún méjì ni òfin fún yín láti fi béèrè ẹ̀tọ́ yín. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì.

Ẹ MÁ JẸ Ẹ̀RÍ YÍN

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ẹran kú lóru. Ilẹ̀ mọ́, a dúmbú rẹ̀, a fi iná sun ún, a pín in fún ará ilé, a tà lára rẹ̀ lọ́jà. A ní ká má jẹ́ kó ṣòfò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a rántí asúráǹsì. Kí ni wọ́n máa wá wò? Eegun?

Ṣùgbọ́n owó asúráǹsì kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ yín ni. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní charbon lédè Faransé. Ó máa ń pa ẹran lójijì, ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì á sì máa jáde nímú, lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá dúmbú irú ẹran bẹ́ẹ̀ tàbí tó jẹ ẹ́ lè kó o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó pa èèyàn ní àríwá Ghana, àwọn tó fọwọ́ kan ẹran tó kú tí wọ́n sì jẹ ẹ́ ni ó mú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i lára ẹran ní Nàìjíríà. Ibodè ò jìnnà sí wa, ẹran sì ń kọjá lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá rí ẹran tó kú bẹ́ẹ̀, ẹ má là á, ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ajá sún mọ́ ọn. Ẹ pe dókítà ẹran. Òun ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa sin ín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fọwọ́ kàn án, tí eéwo tó dúdú láàárín yọ sí i lára, tàbí tí ibà àti inú rírun mú un, kó máa bọ̀ nílé ìwòsàn kíákíá. Oògùn rẹ̀ wà, bí a bá tètè dé.

Nǹkan kan tún wà. Ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́ ìtọ́jú, oògùn ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀ àti nínú wàrà rẹ̀. Ẹ bi dókítà pé ọjọ́ mélòó ni kí ẹ dúró kí ẹ tó pa á tàbí kí ẹ tó mu wàrà rẹ̀. Ìdáhùn yẹn náà, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ṣé ẹ wá rí i? Ohun tí asúráǹsì ń béèrè lọ́wọ́ yín ni èmi nọ́ọ̀sì náà ń béèrè: ẹ tètè pe dókítà, ẹ má jẹ òkú ẹran, ẹ pa ìwé mọ́.

ÌLẸ̀KÙN ÀTI OWÓ ÀTÚNKỌ́

Ewúrẹ́ tó ń dà ikun nímú, tí ojú rẹ̀ ń ṣepin, tí ẹnu rẹ̀ bó, tó ń wúkọ́ tó sì ń ṣunú, PPR ló sábà máa ń jẹ́. Kì í ràn èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè kó gbogbo agbo ẹran lọ. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Láti ara kòkòrò àrùn tí wọ́n rí ní Nàìjíríà lọ́dún 1975 ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má gbàgbé pé Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè wa, Kétu níbí ló wà. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn lọ béèrè ọ̀rọ̀.

Gbogbo wa la mọ Àkàbà Ìdẹ́nà, ilẹ̀kùn àwọn bàbá wa. Wọn ò dúró di ọjọ́ tí ogun wọ̀lú kí wọ́n tó kọ́ ọ. Síbẹ̀, lọ́dún 1886, ogun Dàhọ̀mì wọ Kétu, ìlú tú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn tó kù padà wá, wọ́n sì tún ìlú kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹran yín. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára ni ilẹ̀kùn. Asúráǹsì kì í ṣe ilẹ̀kùn, kò lè dá ikú dúró. Owó tí a fi ń tún ilé kọ́ ni. Ẹni tó ra asúráǹsì tí kò gún ẹran lábẹ́rẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ogun, ó wá ń ka owó àtúnkọ́.

Ìyá wa tó ń ta gàrí, èsì ìbéèrè yín rèé o. Ẹ kọ́kọ́ gún ewúrẹ́ mẹ́fà àti àgùntàn méjì yẹn lábẹ́rẹ́. Ẹ wá àwọn ẹgbẹ́ yín bíi mẹ́wàá tó ń sin ẹran. Ẹ jọ lọ béèrè àwọn ìbéèrè méje yìí, kí ẹnì kan tó mọ̀wé sì tẹ̀ lé yín. Bí ìdáhùn wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sanwó, ẹ gba rìsíìtì. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi owó náà sínú àpótí ẹgbẹ́.

Ẹ ra fáìlì kan, kódà kó jẹ́ ọ̀rá. Ìwé àbẹ́rẹ́ ọmọ, ìwé oyún, ìwé àbẹ́rẹ́ ẹran, ìwé asúráǹsì, ẹ kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi kọ́ sókè níbi tí òjò àti eku ò ti ní í dé e. Lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá gbóná lóru, ẹ ò ní í dúró de ẹni tó máa ra ewúrẹ́ aláìsàn kí ẹ tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọjà á tà o. Ẹran ọ̀sìn á bí, ọmọ á yè. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.